Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí Chichén Itzá àti ihò omi cenote: ṣé kí ìyá ọkọ mi bá wa lọ?

Ìyàwó Ilé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. À ń lọ sí Cancún lóṣù tó ń bọ̀, èmi, ọkọ mi àti màmá ọkọ mi tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 68. Gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń kó àlejò kiri tí mo wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan kan náà ni wọ́n ń tà: wọ́n á fi bọ́ọ̀sì gbé yín láàárọ̀, ẹ ó wo ahoro ìlú àwọn Máyà ní Chichén Itzá, ẹ ó wẹ̀ nínú cenote, ẹ ó jẹun, ẹ ó yà ní ìlú Valladolid, wọ́n á dá yín padà lálẹ́. Owó wọn ló rú mi lójú. Ti àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ti àwọn mìíràn fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ibi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Orúnkún ń dun Màmá, wọn ò sì mọ odò wẹ̀. Èmi náà, kí n má purọ́, omi tó bá ti kọjá àyà mi, àyà mi á já. Ọkọ mi ní ká fi Màmá sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Màmá ní àwọn ò wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Mẹ́síkò kí àwọn lè wá máa wo tẹlifíṣọ̀n. Kí lẹ rí sí i?

Ẹsẹ̀-ò-gbélé:

Ẹ má jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú yẹn fà yín lójú mọ́ra o. Mo ti kó sí i rí. Ọ̀rọ̀ wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ tí mi ò kà, pé owó ìwọlé kò sí nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò tíì kúrò lójú kan tí ọmọbìnrin kan fi gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba káàdì jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n ń já ní Chichén Itzá, ọ̀kan ti ìjọba àpapọ̀, ìkejì ti ìpínlẹ̀ Yucatán, àròpọ̀ wọn fún àlejò òkè òkun sì ti lé ní 600 pẹ́sò. A san án tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó cenote, owó ẹ̀wù amúniléfòó, owó àpótí tí a ó kó bàtà sí.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí kan àti ààbọ̀ gbáko ni wọ́n fi dá wa dúró síbi tí wọ́n ti ń ta òkúta àti kàlẹ́ńdà Máyà tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni sí. Nígbà tá a máa fi dé ahoro náà, oòrùn ti kan àtàrí, èrò sì ti kún bí eṣú. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó: kí ló wà nínú owó yìí? Aago mélòó la ó dé ẹnu géètì? Ẹ̀ẹ̀mélòó la ó yà sí ṣọ́ọ̀bù? Tí wọ́n bá ti ń kólòlò, ẹ wá ẹlòmíì.

Ìyá Ìbejì:

Ìyàwó Ilé, ẹ gbé Màmá lọ jàre. Tẹlifíṣọ̀n kẹ̀?

Èmi ò wọ bọ́ọ̀sì ńlá. Ọkọ̀ kékeré elérò mẹ́jọ ni mo bá lọ, owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, àmọ́ gbogbo ìwọlé wà nínú rẹ̀. Ọmọ Máyà ni gáìdì wa, abúlé kan nítòsí Valladolid ni wọ́n bí i sí. Bó ṣe kí wa tán báyìí, ó ní, “Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn Máyà ti pòórá. Èmi rèé, mò ń wakọ̀ yín.” Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ látibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Cancún wà ní ìpínlẹ̀ Quintana Roo, Chichén Itzá wà ní Yucatán, aago Cancún sì fi wákàtí kan síwájú. Ọ̀nà ibẹ̀ tó nǹkan bí 200 kìlómítà, wákàtí méjì àbọ̀ ni. Aago mẹ́fà la kúrò ní Cancún, nígbà tá a sì dé, ó ṣì ku ìdajì wákàtí kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ní aago mẹ́jọ. Bàbá kan nínú ọkọ̀ wa ò yí aago ọwọ́ rẹ̀ padà. Nígbà tí gáìdì ní ká pàdé nídìí ọkọ̀ ní aago mọ́kànlá, bàbá yìí ti wà níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá, ó dúró sínú oòrùn, ó ń bínú pé a fi òun sílẹ̀!

Ẹ dé ibẹ̀ kùtùkùtù, ẹ jọ̀ọ́. Pápá gbalasa ni, ibòji ò tó nǹkan. Ilẹ̀ tẹ́jú, kò ní yọ Màmá lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó ń gun pírámídì ńlá yẹn mọ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òfin dè é, nítorí náà kò sí àtẹ̀gùn tí ẹnikẹ́ni máa ní kí wọ́n gùn. Kukulcán ni wọ́n ń pè é, ó ga tó nǹkan bí mítà 30. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ló ní, àtẹ̀gùn 91 ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ro ìyẹn pọ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó wà lókè pátápátá kún un, 365 ni, iye ọjọ́ inú ọdún. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́. Ohùn tó máa dá padà ò ní dún bí àtẹ́wọ́ rárá, ńṣe ló máa ń ké bí ẹyẹ. Ẹyẹ quetzal ni wọ́n fi wé.

Ẹ má bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹranko ń bú láàárín igi. Àwọn ọlọ́jà ni. Fèrè kan wà tí wọ́n ń fọn tó ń dún bíi jágúà, èyí àkọ́kọ́ tí mo gbọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gun ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni.

Pápá bọ́ọ̀lù wọn gùn ní mítà 168. Ìbàdí ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù rọ́bà, àwòrán ẹni tí wọ́n bẹ́ lórí sì wà lára ògiri. Gáìdì wa ní ẹni tó borí ni wọ́n ń bẹ́, pé iyì ni. Gáìdì tó ń mú àwọn ẹlòmíì lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní ẹni tó pàdánù ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn báyìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá.

Ibi tí mo ti gba owó mi pé rèé. Nísàlẹ̀ igi kan, gáìdì mú igi tín-ín-rín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ òǹkà sórí ilẹ̀: àmì tóótó kan jẹ́ 1, ìlà kan jẹ́ 5, àwòrán kan tó jọ ìkaraun jẹ́ òdo. Ó ní ogún-ogún ni àwọn ń kà á. Jun k'áal ni 20, ka' k'áal ni 40, óox k'áal ni 60. Mo ní dúró ná! Mo ní àwa náà, ogún méjì la ń pè ní ogójì, ogún mẹ́ta la ń pè ní ọgọ́ta. Ó ní kí n kà á lọ. Ọgọ́rin, ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, títí mo fi dé igba. Ó ń fi igi rẹ̀ fa ìlà tẹ̀ lé mi. Àwọn òyìnbó tó kù kàn ń wo àwa méjèèjì ni.

Ó wá ku cenote. Ik Kil la lọ, kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Ẹ fojú inú wo kànga tí òmìrán gbẹ́: ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 60, omi sì wà nísàlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 26. Inú òkúta ni wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn sí, ó tutù, ó ń yọ̀. Orúnkún Màmá ò ní gbà á, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n wọ́n lè dúró lókè níbi tí wọ́n fi irin yí ká, wọ́n á rí gbogbo wa bá a ṣe ń jà fitafita nísàlẹ̀.

Dandan ni kẹ́ ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ omi, wọn ò sì fẹ́ ìpara kankan lára yín. Dandan ni ẹ̀wù amúniléfòó náà. Èmi tí mi ò mọ odò wẹ̀, mo di okùn tí wọ́n ta sójú omi mú gírígírí. Omi náà tutù débi pé mo pariwo. Àwọn ẹja dúdú kéékèèké ń kọjá lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tó yá mo fi ọwọ́ kan sílẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀wù náà sì gbé mi. Gbòǹgbò igi gígùn-gígùn rọ̀ wálẹ̀ láti etí kànga bí irun tí wọn ò tíì dì, ojú ọ̀run wà lókè róbótó, omi ń kán sí mi lójú. Mi ò mọ ìgbà tí mo fi ọwọ́ kejì sílẹ̀.

Oúnjẹ: ẹ jẹ cochinita pibil, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé tí wọ́n sè sínú ilẹ̀. Agbáwo ní kí n ṣọ́ra fún ata inú abọ́ kékeré, pé habanero ni. Mo tọ́ ọ wò. Ìbátan ata rodo! Mo ní kó gbé òmíì wá.

Ìyàwó Ilé:

Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Ìbejì. Mo ti ka tiyín fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo rí i kà pé cenote kan wà nínú Chichén Itzá gan-an. Kí ló dé tí a ò kàn ní wẹ̀ níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkúta:

Wọn kì í wẹ̀ nínú ìyẹn o. Cenote Mímọ́ ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rúbọ sí Chaac, òrìṣà òjò wọn. Láàárín 1904 sí 1910, Edward Thompson ará Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ wa ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kó wúrà, òkúta jade àti egungun ènìyàn jáde. Mùsíọ́ọ̀mù Peabody ní Harvard ló kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Díẹ̀ ti padà sí Mẹ́síkò.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ eré lásán ni omi níbẹ̀. Àríwá Yucatán kò ní odò tó ń ṣàn lórí ilẹ̀. Òkúta ẹfun ni ilẹ̀ wọn, òjò ń jò gba inú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó ń jẹ òkúta díẹ̀díẹ̀ títí òrùlé ihò á fi wó. Ohun tó kù lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pè ní ts'onot, tí àwọn ará Sípéènì sọ di cenote. Láìsí i, kò sí omi mímu, kò sí ìlú.

Ní ti orúnkún Màmá, ṣé ẹ ti wo Cobá, ahoro ìlú Máyà mìíràn? Igbó ni, ibòji wà dáadáa, ibi kan sì jìn sí ìkejì, ṣùgbọ́n àwọn onikẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wà tí wọ́n ń gbé ènìyàn jókòó síwájú, tí wọ́n á máa wà á lọ títí dé ìdí Nohoch Mul, pírámídì ńlá ibẹ̀. Mítà 42 ni ìyẹn, ó ga ju ti Chichén Itzá lọ. Inú Quintana Roo náà ló wà, nítorí náà aago ò ní dà yín láàmú. Cenote mẹ́ta wà nítòsí ibẹ̀, Choo-Ha, Tamcach-Ha àti Multum-Ha, àmọ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀ sínú wọn, Màmá á jókòó sókè ni.

Ìyàwó Ilé:

Ha! Màmá ti gbọ́ “kẹ̀kẹ́”. Wọ́n ní Cobá ni, ẹjọ́ tán. Ọkọ mi ń béèrè bóyá kẹ̀kẹ́ náà lè gbé ènìyàn méjì.

Ìyá Ìbejì:

Ó gbé méjì. Ẹ sọ fún un kó lọ háyà básíkù tiẹ̀, ẹ̀yin àti Màmá ni kẹ́ ẹ jọ jókòó síwájú. Kẹ́ ẹ sì mú pẹ́sò wẹ́wẹ́ dání, kẹ́ ẹ fún onikẹ̀kẹ́ ní nǹkan, oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.