Orúnkún màmá mi ń dún: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orúnkún ọ̀tún màmá mi ni mo bá wá. Tí wọ́n bá fẹ́ dìde lórí àpótí ìdáná, ẹ óò gbọ́ ọ tó dún kẹ̀kẹ̀, wọ́n á yára di ògiri mú. Dókítà ní egungun rírọ̀ tó bo ibi tí egungun itan ti pàdé ti ojúgun ló ń gbó lọ. Ó ní oríkèé èjìká lè yí káàkiri, àmọ́ ti orúnkún ń ká, ó ń nà bí ilẹ̀kùn, òun ló sì ń gbé ìwúwo ara. Ó ní kí wọ́n máa rìn díẹ̀díẹ̀. Àwọn àǹtí mi ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Àyà mi ń já. Ẹ̀yin tí òbí yín ti ní irú èyí, ìrìn tàbí eré ìdárayá wo ló ràn wọ́n lọ́wọ́ tí orúnkún kò fi wú?