Ọmọ tí mo kọ́ gba bàálù mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ọjọ́ kẹta rèé tí n kò fojú ba oorun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ ohun tí mo fi ń ṣe fàájì. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Sábó, tí mo jẹun tán, èmi àti Google Earth, àwòrán ilẹ̀ ayé tí wọ́n fi sátẹ́láìtì yà, ló kù. Bàálù alábẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ni mò ń wá láti òkè. Orí àga mi ni mo jókòó sí tí mo fi dé aginjù Tucson ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n to bàálù ológun sí lọ rẹrẹẹrẹ bí ẹja tí wọ́n ń sá sóòrùn. Jẹ́ẹ̀tì ò jọ mí lójú. Apá jẹ́ẹ̀tì máa ń fà sẹ́yìn. Apá tàwọn àgbà máa ń nà gbọọrọ, orí ẹ́ńjìnì á yọ síwájú rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo rí tèmi nílé wa níbí! Àbàtà ẹ̀yìn Báyékù, létí ọ̀sà. Bàálù funfun, ẹ́ńjìnì méjì. Mo fi rúlà Google Earth wọn apá rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun, mítà 27. Apá DC-3, bàálù alábẹ̀bẹ̀ àtijọ́ kan, jẹ́ bíi 29, àwòrán ò sì hàn kedere létí, nítorí náà DC-3 ni. Kì í sì ṣe ẹyọ kan o. Èkejì wà nínú oko ẹ̀gẹ́ lápá òsì lókè, kò tó ìdajì kìlómítà síra wọn. Èyí dúdú kirikiri, ó ní láti jẹ́ pé ó jóná ni, àmọ́ ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ẹ sì rántí pé Nigeria Airways fi DC-3 ṣiṣẹ́ láyé ọjọ́un.

Ọmọ kan wà tí mo kọ́ ní nǹkan wọ̀nyí. Kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní rúlà nígbà tó wá bá mi. Àmàlà ìyàwó mi ló ń jẹ, dátà mi ló ń lò, ọjọ́ tí okùn jẹnẹrétọ̀ mi já mọ́ ọn lọ́wọ́ mi ò bínú. Ó gbé àwòrán bàálù mi lọ sí gúrúùpù WhatsApp mìíràn, kò tilẹ̀ dárúkọ mi! Àwọn èèyàn ń kí i, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó mi náà ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ní kí n lọ fẹ́ láptọ́ọ̀pù.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n fẹjọ́ ọmọ yìí sun àwọn àgbà àdúgbò ni, àbí kí n tú àṣírí rẹ̀ níta gbangba?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo:
Ọkùnrin tó níyàwó nílé, bàálù ló ń fi òru wá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwa tí iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa láti ọjọ́ Sátidé ò lè rí ti bàálù rò.

Òṣùwọ̀n:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni wọ́n ya àwòrán yẹn? Mítà mélòó ni láti imú dé ìrù? Òjìji rẹ̀ ńkọ́, apá ibo ló ṣubú sí?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Ìyá Ìbejì, mi ò mutí, mi ò tẹ tẹ́tẹ́, mi ò lé obìnrin. Bàálù nìkan ni mò ń wò. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Bàbá Àgbádárìgì:
Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní nígbà táwọn gúnlẹ̀ sí erékùṣù São Tomé, òun rí Super Constellation, bàálù alábẹ̀bẹ̀ àtijọ́, méjì tí wọ́n pa tì ní pápákọ̀ òfuurufú ibẹ̀. Irọ́ ni mo pè é. Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ mi ṣí Google Earth fún mi, a sì rí wọn nínú koríko! Ẹ ò lè ṣì wọ́n mọ̀, ìrù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n dá ìrù yẹn sí mẹ́ta kó má baà ga ju ibi tí wọ́n ń gbé bàálù sí nígbà náà. Irú àwọn bàálù wọ̀nyí ló ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ sí Biafra lóru nígbà ogun, tí wọ́n ń bà sórí títì ọkọ̀ ní Uli. Wọ́n á tan iná ojú ọ̀nà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á sì tún pa á kí àwọn tó ń ju bọ́ǹbù má baà rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú kí n tó rí wọn. Mi ò ráyè tọrọ àforíjì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Bàbá, ìtàn yín dùn. Ọ̀gá Ojú Àwòdì, ṣé ẹ dá a lójú pé kì í ṣe C-130 àwọn ológun? Ìyẹn náà wà lára àwọn àgbà, 1954 ló kọ́kọ́ fò.

Káfíńtà Sábó:
C-130 kẹ̀? Ẹ́ńjìnì mẹ́rin ló ní, apá rẹ̀ tó mítà 40. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí di òní, báwo ló ṣe wá di àgbà?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Bàbá mi ṣì ń bímọ títí di òní, ṣé kì í ṣe àgbà ni?

Káfíńtà Sábó:
Ẹ kí bàbá yín fún mi.

Òṣùwọ̀n:
Ọ̀gá, mo ṣì ń dúró o. Ọjọ́ tí wọ́n ya á, gígùn rẹ̀, òjìji rẹ̀.

Alárìnkò:
Ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ tó bá jí bàálù lónìí, á jí mọ́tò lọ́la.

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Òṣùwọ̀n, ẹ kàn ń da ìbéèrè bò mí bí ọlọ́pàá ni. Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún yìí ni wọ́n ya á. Gígùn rẹ̀ náà jẹ́ 27. Mo mọ̀ pé DC-3 ò tó 20 láti imú dé ìdí, ẹnìkan lè ti so nǹkan mọ́ ọn. Ní ti òjìji, kò ní òjìji, àbàtà ló rì sí. Ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ létí pàápàá, mo rí àwọ̀ pupa lápá kan, àwọ̀ búlúù lápá kejì, bí òṣùmàrè.

Òṣùwọ̀n:
Ẹ tẹ bọ́tìnnì aago tó wà lókè kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ wo àwọn àwòrán ọdún tó kọjá. Ṣé bàálù wà níbẹ̀?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Igbó ló bò ó nígbà yẹn.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Igbó wo ló bo bàálù lọ́dún tó kọjá tó wá ṣí i sílẹ̀ lọ́dún yìí?

Òṣùwọ̀n:
Ọ̀gá mi, ẹ má bínú sí mi. Bàálù yẹn ò sí nílẹ̀. Ó ń fò lọ ni.

Sátẹ́láìtì kì í ya gbogbo àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń ya ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ilé àti igi ò kúrò lójú kan, nítorí náà àwọ̀ wọn á bára mu. Ohun tó ń sáré á ti sún síwájú kí àwọ̀ kejì tó dé, ìyẹn ni pupa àti búlúù tẹ́ ẹ rí. Kì í ṣe ìpẹtà. DC-3 apá rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ dáadáa. Èyí tí apá àti ara rẹ̀ jẹ́ 27 lọ́gbọọgba ni ATR 72, bàálù alábẹ̀bẹ̀ òde òní tó ń kó èrò. Ìkẹjà ló ń lọ tàbí ibẹ̀ ló ti ń bọ̀.

Ẹ tún rò ó wò: oòrùn àárọ̀ oṣù Ṣẹẹrẹ, apá ọ̀tún nísàlẹ̀ máàpù ló ti ń tàn wá. Ibo ni òjìji á ṣubú sí? Apá òsì lókè. Bí bàálù bá wà lójú òfuurufú, òjìji rẹ̀ á jìnnà sí i. Ọ̀gá, bàálù kejì yẹn, èyí tó dúdú tí ẹ ní ó jóná, òjìji èyí tó funfun ni.

Káfíńtà Sábó:
Yéè! Mo ti da tíì sára.

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti sanwó.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo:
Owó kí ni?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Bàbá kan tó ní òun lòun ni ilẹ̀ yẹn. Mo fẹ́ ra wọ́n, kí n tún ọ̀kan kùn kí àwọn ọmọ ilé ìwé máa wá wò ó, kí n ta èkejì fáwọn oníálúmíníọ̀mù. ₦250,000 ni mo fi sílẹ̀ ní àsansílẹ̀. ₦150,000 lórí èyí tó funfun, ₦100,000 lórí èyí tó dúdú. Ó ní òun dín ti dúdú kù nítorí pé ó ti jóná.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ra òjìji ní ₦100,000?

Bàbá Àgbádárìgì:
Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ó tó. Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé ẹ fojú ara yín rí nǹkan kan níbẹ̀?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
A débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní omi kún, pé ojúbọ orò sì wà lọ́nà, èmi kì í ṣe ọmọ bíbí ibẹ̀. Èmi ni mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù. Ó wò ó pẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàálù ìyá òun àgbà ni.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo:
Owó ta ni?

Alárìnkò:
Ẹ dúró ná. Mo wà nínú gúrúùpù WhatsApp yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá ohun tí ọmọ náà kọ ni. Ohun tó kọ rèé: “Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wo àwòrán yìí dáadáa. Ọ̀gá mi kan fẹ́ sanwó lé e lórí. Mo sọ fún un pé kò sí nínú àwòrán tàtijọ́, ó ní ìlara ló ń ṣe mí. Mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ kí ojú má baà tì í.” Mo gba ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà o.

Òṣùwọ̀n:
Ọ̀gá, ọjọ́ wo lẹ sanwó?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Ọjọ́ kejì tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Káfíńtà Sábó:
Bàbá onílẹ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ń gbé fóònù?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Láti ọjọ́ mẹ́ta, kò gbé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọmọ náà báyìí. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, orí ọ̀kadà ni mo wà, mo máa pè yín tí mo bá sọ̀.” Kò tilẹ̀ dà bíi pé ó ń bínú.

Alárìnkò:
Ẹ lọ fi ẹjọ́ bàbá yẹn sun ní tẹ́ṣàn lónìí, kí ẹ mú rìsíìtì owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dání. Ẹ má dá nìkan lọ sí àbàtà yẹn.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo:
Mo ní owó ta ni?

Ojú Àwòdì (Ìkòròdú):
Àjọ tí ìyàwó mi kó.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ha.

Bàbá Àgbádárìgì:
Ẹ jẹ́ kó mí ná.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbo:
Mo ti gbọ́. Ṣé ìyàwó náà mọ̀ pé ọ̀kan nínú bàálù méjèèjì, òjìji ni?