Ká fi Rust rọ́pò C nínú library wa: ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ni, àbí lẹ́yọ lẹ́yọ?

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá àti àǹtí wa. Library kan wà lọ́wọ́ wa tí a fi èdè C kọ. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ka fáìlì àwòrán, kó tú u fún ètò mìíràn. Ó tó ìlà 12,000, àwa mẹ́ta péré la sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń fi tó wa létí ló jẹ́ ti mẹ́mọ́rì: kóòdù á kà kọjá ìparí buffer (àyè tí a yà sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì), tàbí kó tún máa lo ibi tó ti dá padà fún kọ̀ǹpútà. Ṣé ká dá iṣẹ́ dúró fún oṣù mẹ́fà ká tún gbogbo rẹ̀ kọ ní Rust, èdè tó ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì fúnra rẹ̀, àbí ká máa yọ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ? Níbo la ó ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn tó ń lo header wa (fáìlì tó to àwọn function wa sílẹ̀) kò gbọdọ̀ yí ìlà kan padà lọ́dọ̀ tiwọn.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù
Àbúrò, ẹ má dá a dúró. Bí wọ́n ṣe ń tún ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde ṣe ni kí ẹ ṣe é: wọ́n á ti ẹ̀gbẹ́ kan, ọkọ̀ á máa gba ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọdún 2016 ni Federico Mena Quintero bẹ̀rẹ̀ sí í fi Rust rọ́pò C nínú librsvg, library tó ń ya àwòrán SVG. Ẹ̀dà tuntun ń jáde bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ìpè tí àwọn ètò mìíràn ń lò kò sì yí padà.

Ibi tí báìtì láti òde ti kọ́kọ́ wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹni burúkú ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ibẹ̀ náà, function tí kì í pe function C mìíràn púpọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí ẹ bá mú èyí tó wà láàárín, gbogbo ìlà Rust yín ni yóò máa padà pe C, kìkì unsafe (ibi tí Rust kì í ti ṣọ́ mẹ́mọ́rì fún yín) ni yóò sì kún inú rẹ̀.

Ẹ dá crate (àkójọ kóòdù Rust) kan ṣoṣo sílẹ̀, kí crate-type rẹ̀ jẹ́ "staticlib". Ẹ kọ function náà pẹ̀lú `#[unsafe(no_mangle)] pub extern "C" fn`, orúkọ kan náà, argument kan náà. Gbogbo struct tó bá ń kọjá láàárín èdè méjèèjì gbọ́dọ̀ ní `#[repr(C)]`. Ẹ yọ ti C kúrò nínú Makefile, kí ẹ sì tún fi àwọn test àtijọ́ dán an wò. Function tó wà lẹ́nu ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ ju ìlà mẹ́wàá lọ: á yẹ pointer wò, á sọ pointer àti gígùn rẹ̀ di slice, á pe function Rust tí kò ní unsafe nínú. Ẹ ṣọ́ra: bí pointer bá jẹ́ NULL, ẹ má pe `slice::from_raw_parts` rárá, kódà bí gígùn bá jẹ́ 0. C ń gba èyí láàyè ní ọ̀pọ̀ ibi, Rust kò gbà á.

Bí linker (ètò tó ń so kóòdù pọ̀) bá pariwo "undefined reference", `cargo rustc -- --print native-static-libs` á sọ àwọn library tí Makefile yín ṣì nílò.

Àǹtí Ìkẹnnẹ́
Ẹnubodè C sí Rust ni iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Mẹ́mọ́rì tí Rust bá gbà, Rust ni kó dá a padà. Ohun tí ẹ bá fi `Box::into_raw` gbé fún C, `Box::from_raw` ni kó gbà á padà. Ẹni tó bá pe `free` ti C lé e lórí ti dá wàhálà sílẹ̀, ètò náà sì lè máa ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kó tó wó. Ẹ yẹ ìwé àlàyé yín wò lónìí: ṣé ẹ ti sọ fún àwọn èèyàn rí pé kí wọ́n fi `free` lásán dá àwòrán padà? Bí ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ ò lè kó o jẹ mọ́. Ẹ pe malloc ti C láti inú Rust fún buffer yẹn.

Panic náà ńkọ́, ìyẹn ìgbà tí Rust bá dá iṣẹ́ dúró nítorí àṣìṣe? Láti Rust 1.81, panic tó bá fẹ́ gba `extern "C"` jáde á pa gbogbo ètò náà. Kò yẹ kí ohun tí èèyàn fi ń wo àwòrán kú nítorí fáìlì kan bàjẹ́. Ẹ fi `catch_unwind` dì í ní ẹnubodè, kí ẹ dá nọ́ńbà àṣìṣe padà. Ẹ má sì kọ panic = "abort" sínú Cargo.toml, torí nígbà náà `catch_unwind` kò ní rí nǹkan kan mú.

Ẹ má gbàgbé ìṣirò. Nínú release (ẹ̀dà tí ẹ ń kọ́ fún àwọn èèyàn), nọ́ńbà tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ kì í pariwo. Fífẹ̀ 65,536, gíga 65,536: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ nínú u32, 0 lẹ ó rí. Ní C, ẹ ó wá máa kọ sórí mẹ́mọ́rì olóhun; ní Rust, panic ni yóò jẹ́. Ẹ lo `checked_mul`, kí ẹ má sì gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Àgọ́-Ìwòyè
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé c2rust, ètò tó ń sọ kóòdù C di Rust, kò lè ṣe gbogbo rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan?

Àǹtí Ìkẹnnẹ́
Á ṣe é, àbúrò mi, ṣùgbọ́n Rust tó kún fún unsafe ni yóò gbé jáde, pointer C kan náà, àṣìṣe kan náà. Ẹ óò ṣì padà wá fọ̀ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ.

Ará Ìlíṣàn
Èmi ò fara mọ́ ọn pé ká fọwọ́ kan gbogbo ìlà 12,000. Google sọ nípa Android pé ìpín tí àṣìṣe mẹ́mọ́rì kó nínú àwọn àlébù ààbò wọn já láti 76% ní 2019 sí 24% ní 2024. Kóòdù tuntun tí wọ́n ń kọ ní èdè aláàbò ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n tún ti àtijọ́ kọ. Òfin àkọ́kọ́ yín: láti òní lọ, kò sí fáìlì C tuntun. Èyí tó ti pẹ́ tí kò yọ yín lẹ́nu, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ka Rust. curl, ètò tó ń gbé data lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbìyànjú hyper, library HTTP tí wọ́n fi Rust kọ. Ní December 2024 wọ́n kéde pé àwọn ń yọ ọ́, nítorí àwọn tó fẹ́ lò ó àti àwọn tó mọ C àti Rust pọ̀ láti parí rẹ̀ kò tó.

Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, àtúnṣe kan: Rust 1.63 ló wà nínú Debian 12 (ẹ̀yà Linux kan), kò mọ `#[unsafe(no_mangle)]`. Kí wọ́n kọ `#[no_mangle]` pẹ̀lú edition 2021. Lórí 1.63 náà, panic tó bá kọjá ẹnubodè kò ní òfin kankan, nítorí náà `catch_unwind` tí àǹtí sọ di dandan.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù
Òótọ́ ni, mo gbà. Kí wọ́n kọ 1.63 sí rust-version nínú Cargo.toml.

Ọmọ Alárè, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ ṣé gan-an. A ó bẹ̀rẹ̀ láti function tó ń ka orí fáìlì, bí ìlà 400. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé Rust àti C ń dáhùn bákan náà? Data sì wọ́n níbí, iná náà kì í dúró.

Bàbá Ìbejì, Ṣàgámù
Ẹ má tíì pa ti C rẹ́. Ẹ fi `_c` kún orúkọ rẹ̀, kí ó wà fún test nìkan. Kí cargo fuzz máa ju báìtì kan náà sí méjèèjì, kí ó fi èsì wéra, kí ẹ sì fi `-fsanitize=address` kọ́ apá C, kí ó lè mú àṣìṣe mẹ́mọ́rì. Níbi tí wọn ò bá ti bára mu, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá C ló ṣì í. Miri, ètò tó ń wá àṣìṣe mẹ́mọ́rì nínú Rust, kì í wọ inú C, inú function Rust nìkan ni kí ẹ ti lò ó.

Ní ti data, `rustup` pẹ̀lú `--profile minimal` kì í gbé ìwé àlàyé wá. Ẹ ṣe `cargo vendor` lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lẹ ohun tó bá tẹ̀ jáde mọ́ `.cargo/config.toml`, kí ẹ fi Cargo.lock sínú git, lẹ́yìn náà ẹ máa kọ́ ọ pẹ̀lú `--offline`. Folder target máa ń wú, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un lórí disk.