Ta ló lè bá wa túmọ̀ àlàyé LibreOffice sí Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Adó-Èkìtì ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà, LibreOffice, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń ṣèṣirò, la sì ń lò torí ọ̀fẹ́ ni látìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2010, kò sẹ́ni tó máa béèrè owó lọ́wọ́ wa. Àmọ́ òyìnbó ni àlàyé tí wọ́n ń rí, tọ́mọ bá tẹ F1 pé kó ràn án lọ́wọ́, ojú mi ló máa padà wò. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè yọ̀ǹda wákàtí kan lọ́sẹ̀? Orí Weblate, ìkànnì tí wọ́n ti ń túmọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń túmọ̀ ẹ̀, ẹ ò nílò kẹ́ẹ mọ coding rárá, ẹni tó bá ṣáà gbọ́ Yorùbá dáadáa tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń fàmì sórí ọ̀rọ̀ ti tó. Kò sówó ńbẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ṣerú ẹ̀ rí ńkọ́, ibo lẹ ti ń rí èèyàn tí ò ní já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà?