Oníbàárà ní kí n rọra, ọ̀gá ní kí n yára

Ẹ̀yin onídìrí Ìlọrin, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá.

Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ọ̀gá mi á ní kí n fi rílásà (kẹ́míkà tó ń na irun) kun irun látìdí dé ṣóńṣó, kíṣẹ́ lè yá. Oníbàárà á ní ìdí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan lòun fẹ́. Òótọ́ ló sọ: irun tó ti gba rílásà tẹ́lẹ̀, bó bá tún gbà á, á fẹ́lẹ́, á máa já sínú òòyà. Ká pín orí sí mẹ́rin, ká fi ìpara sí etí àti ẹ̀yìn ọrùn, ká wá fi ìrù òòyà tọ́ rílásà sídìí irun díẹ̀díẹ̀: kò ṣeé kánjú ṣe.

Èyí tó le jù ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun, tó ti họra lórí. Rílásà á ta á, á sì dégbò. Ọ̀gá ò gbà ká ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ni (mi ò bá a wí, owó ṣọ́ọ̀bù ń bẹ lọ́rùn).

Báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fọ́gàá níwájú oníbàárà, tí ò ní dà bí àfojúdi? Àbí kí n jẹ́ kí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?