Tòní kì í dáhùn tá a bá pè é

Ìyá Tòní, Manchester: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà, ọkàn mi ò balẹ̀. Nọ́sìrì pè mí pé Tòní kì í bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré, mọ́tò ló ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ látàárọ̀, wọ́n á pe orúkọ ẹ̀ títí kò ní yíjú, bẹ́ẹ̀ tí tẹlifíṣàn bá kọrin báyìí á sáré débẹ̀. Ó máa tó pé ọdún méjì. Wọ́n dárúkọ autism, ìyẹn kí ọpọlọ ọmọ máa ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, tó máa ń kan ọ̀rọ̀ sísọ àti bó ṣe ń bá èèyàn ṣe. Ìyá ọkọ mi ní bàbá ẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn.

Màmá Fẹ́mi, Peckham: Àbúrò mi, "bàbá ẹ̀ náà pẹ́" yẹn ló jẹ́ kí n fi ọdún kan ṣòfò. Fẹ́mi ti ń sọ "omi", ó ti ń sọ "bọ́ọ̀lù", gbogbo ẹ̀ pòórá, mo ní eyín ló ń hù. Ọ̀rọ̀ tọ́mọ ti mọ̀ tó wá sọnù, má fi falẹ̀ o. Ṣé Tòní máa ń nàka sí nǹkan kó lè fi hàn ẹ́?

Ìyá Tòní: Rárá mà. Ọwọ́ mi ló máa ń fà lọ sídìí fíríìjì.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ pe dókítà lọ́la, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò pẹ̀lú. Níbí ní Amẹ́ríkà, oṣù 18 àti 24 ló yẹ kí dókítà bi yín ní ìbéèrè autism, tọ́mọ ò bá sì tíì pé ọdún mẹ́ta ẹ lè fúnra yín pe Early Intervention, ètò ìjọba tó ń ran àwọn ọmọ kékeré tó ń pẹ́ dàgbà lọ́wọ́, kò dìgbà tí dókítà bá kọ̀wé.

Àǹtí Bísí, Leeds: Wọ́n ní ká yé sọ Yorùbá sí ọmọ tèmi tó ní autism, a gbọ́. Autism ò kúrò, ọmọ ò sì gbọ́ ohun tí ìyá mi ń sọ lórí fóònù.

Bàbá Ìbejì: Àmọ́ èdè méjì máa ń da ọmọ lọ́kàn rú.

Màmá Fẹ́mi: Kò rí bẹ́ẹ̀ sà! Èdè méjì kì í fa autism. Speech therapist Fẹ́mi, ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ló ní ká máa sọ èyí tó yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu.

Akin, Toronto: Wọ́n ní ọmọ tèmi kì í wojú èèyàn. Ta ló ń wo àgbà lójú nílé wa?

Àǹtí Bísí: Ọmọ ọmú ńkọ́? Ṣé kì í wojú ìyá ẹ̀ ni?

Màmá Fẹ́mi: Fẹ́mi ò jẹ nǹkan míì báyìí, dòdò ṣáá. Ọlọ́run bá mi ṣe é pé Peckham tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ sí la wà.

Bàbá Ìbejì: Ẹ wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ Houston kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ o.

Akin: Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ ti gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ni? Ilé ń wù mí.

Ìyá Tòní: Ẹ ṣé gan-an. Manchester ńkọ́, báwo ni ìlà àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò autism ṣe gùn tó?

Àǹtí Bísí: Akin, ti Bódìjà kọ́, ti ọjà Ṣáṣá ni!