Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé Business Admin ilé-ìwé kan dáa?

BodaOsogbo: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin rí admission sí yunifásítì aládàáni kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, Business Administration ni, owó ọdún kan ń sún mọ́ mílíọ̀nù kan náírà láìka hostel. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà wọn, ọmọbìnrin tó gbé e ní "a ní accreditation sà", mo ní ti kọ́ọ̀sì wo, ó ní "NUC ló fún wa láṣẹ sà". Ó kàn ń sà mí ni. Èmi, pọ́lì ni mo lọ, mi ò mọ tìfuntẹ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ yunifásítì, kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Jímọ̀ ni wọ́n ní kí n san ìdajì.

IyaBejiMokola: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Àṣẹ tí wọ́n fi dá ilé-ìwé sílẹ̀ yàtọ̀ sí ìfọwọ́sí kọ́ọ̀sì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń wọ́ èèyàn. Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ni NUC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó yunifásítì, ń yẹ̀ wò. Tó bá yege dáadáa wọ́n á fún un ní full, ọdún 5 nìyẹn, tó bá kù díẹ̀ káàtó interim ni, ọdún 2, tó bá wá já pátápátá kò gbọdọ̀ gba ọmọ tuntun mọ́. Ilé-ìwé kan náà lè ní full ní Accounting kí Business Admin ẹ̀ wà ní interim. Ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù NUC fúnra yín, ẹ wá orúkọ kọ́ọ̀sì, kì í ṣe ti ilé-ìwé nìkan, kẹ́ ẹ sì wo ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀.

AkaweAgba: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Kọ́ọ̀sì tuntun lè má tíì sí lórí lísìtì yẹn rárá, kì í ṣe dandan kó jẹ́ màgòmágó. Resource verification ló máa ń ṣáájú, NUC á wá wo olùkọ́, kíláàsì, láíbìrì kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ̀ka náà bẹ̀rẹ̀, accreditation á wá tẹ̀lé e tí ọmọ bá ti wà níbẹ̀. Lẹ́tà yẹn ni kẹ́ ẹ bèèrè, kí orúkọ kọ́ọ̀sì wà nínú ẹ̀ ketekete.

Seeti09: Lísìtì nìkan ò tó o. Ilé-ìwé tí mo lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, full ló wà lórí bébà. Ọ̀sẹ̀ tí NUC ń bọ̀, ọ̀dà ògiri ò tíì gbẹ, ó rin ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì mi, a rí lẹ́kíṣọ̀ mẹ́ta tójú wa ò rí rí, wọ́n ti lẹ orúkọ wọn mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Mo ṣí ìwé Marketing kan ní láíbìrì, stáǹpù ilé-ìwé mìíràn ló wà níwájú ẹ̀! Ká tó dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìwé ti lọ, lẹ́kíṣọ̀ ti lọ, orúkọ ló kù lára ilẹ̀kùn. Òfin NUC fún management sciences ni lẹ́kíṣọ̀ 1 sí ọmọ 30, àwa lé ní 400, lẹ́kíṣọ̀ wa ò ju márùn-ún lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wo géètì, ẹ bi àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bá lábẹ́ igi pé ta ló ń kọ́ wọn ní Statistics, ìgbà mélòó ló wọ kíláàsì ní sẹ̀mẹ́sítà tó kọjá.

IyaBejiMokola: Stáǹpù kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi 😂

Temitope_K: Ṣebí Cotonou ló yá jù, kò sì wọ́n.

AkaweAgba: Ṣé o ò gbọ́ ti oníròyìn Daily Nigerian tó gba dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ 6 níbẹ̀ ni? December 2023 ni ìròyìn ẹ̀ jáde, January 2024 ìjọba dá ṣíṣàyẹ̀wò dìgírì Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró.

OmoAjase: Àjàṣẹ́ ni mo wà o, ẹ má pa gbogbo wa pọ̀. Yunifásítì Abomey-Calavi, ti ìjọba ni, ó ti wà láti 1970. Tó bá jẹ́ ti aládàáni, ẹ bèèrè bóyá CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, mọ dìgírì wọn. Àmọ́ ilé-ìwé tó wà ní Cotonou tẹ́ ò rí ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan ṣoṣo nínú ẹ̀, tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ló kún ibẹ̀, ẹ tètè padà sílé.

BodaOsogbo: Ẹ ṣé gan-an. Wọ́n tún lẹ àmì ẹgbẹ́ kan láti London mọ́ ìwé ìpolówó wọn, wọ́n ní international accreditation ni. Ìyẹn ńkọ́?

AkaweAgba: Mẹ́ta ni wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún nídìí bísínẹ́ẹ̀sì: AACSB ti Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1916, AMBA ti London, àti EQUIS. Lagos Business School ní AACSB. Tí kò bá sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀ṣọ́ ni. Kódà tó bá wà níbẹ̀, ti NUC ṣì ni àbúrò yín máa fi lọ NYSC.

BodaOsogbo: Mo ti wo wẹ́ẹ̀bù NUC. Accounting wọn wà níbẹ̀, full, tiwa ò sí. Mo pe ọmọbìnrin yẹn padà, mo ní kó fi lẹ́tà resource verification ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní "ẹ jẹ́ n bi ọ̀gá mi sà". Àtàárọ̀ nìyẹn o. Owó ṣì wà lọ́wọ́ mi.

IyaBejiMokola: Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.